Ìgbín Wọ́n ní Òṣogbo: Láti Ọjà Dé Oko Dé Igbó Ọ̀ṣun

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìgbín bẹ̀rẹ̀, torí òun ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ìgbín mẹ́fà, tí èyí tó tóbi jù nínú wọn kò kún ọwọ́ mi, ni ìyá kan ní Ọjà Ọba, Òṣogbo, ní kí n wá fi owó kìlò ẹran màlúù méjì gbé. Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo tún bi í. Iye kan náà ló tún pè.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ iye tí ẹ máa gbà gan-an."

"Ọmọ mi, mi ò purọ́ fún ọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, àwọn ọmọdé ló ń ṣa ìgbín wá bá wa. Bí òjò bá ti dá lálẹ́, wọ́n á gbé àtùpà, kílẹ̀ tó mọ́ agbọ̀n ti kún. Àwọn àgbẹ̀ ti fi oògùn koríko pa wọ́n tán. Ọwọ́ àwọn tó ń sìn ín ni mo ti ń rà á báyìí, oúnjẹ làwọn náà sì ń rà fún un."

Mo ná an títí ẹnu fi ń ro mí. Ohun tó yọ kò tó owó kòrópe. Mo ra mẹ́ta, mo sì ń kùn títí mo fi jókòó sínú ọkọ̀. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé owó yẹn ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìgbín níbẹ̀, kó tètè jí lọ, kó sì bi ẹni mẹ́ta ó kéré tán kó tó yọ owó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oògùn tí ìyá yẹn sọ bá mi lọ, torí pé oko ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí mò ń pè ní Bàbá, lójú ọ̀nà Ìbòkun, ni mò ń lọ gan-an. Ìrìn tí mo rìn láti Ìbàdàn gba Gbọ̀ngán wọ Òṣogbo kò ní ìròyìn. Ọ̀nà dá, awakọ̀ sì rọra wà á.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi lóko. Àwọn ọmọkùnrin méjì gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń fín oògùn sí àárín ẹbè ẹ̀gẹ́, wọn ò bo imú, wọn ò wọ ìbọ̀wọ́, ẹsẹ̀ lásán lọ̀kan nínú wọn fi ń rìn. Níbi tí wọ́n ti fín ṣáájú, gbogbo koríko ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo wá ẹ̀bòlò, mi ò rí. Mo wá yánrin, mi ò rí. Ìyàwó Bàbá sọ fún mi pé ọjà lòun ti ń ra ẹ̀fọ́ tó máa ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn abà láyé ìyá ọkọ òun. Olú tí a máa ń rí ní ìdí òkìtì ikán nígbà òjò kò sí mọ́ náà, torí òkìtì ọ̀hún gan-an ni katakata wó.

Inú bí mi. Mo bi wọ́n pé kí ni orúkọ oògùn tí wọ́n ń fín. Wọ́n gbé jálá kan wá tí kò ní ìwé lára rárá. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de oògùn koríko kan tó ń jẹ́ paraquat, torí ẹni tó bá gbé e mì, ikú ló sábà máa ń já sí, kò sì ní oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá òun ló wà nínú jálá tí kò lórúkọ? Ẹni tó tà á fún wọn kò yẹ lẹ́ni tó ń ta nǹkan fún ọmọlúàbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ lọ kí àgbẹ̀ lóko, ẹ kọ́kọ́ pè lórí fóònù, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fín oògùn lọ́jọ́ náà.

Bàbá jẹ́ kí n sọ ti inú mi tán kó tó dá mi lóhùn.

"Ẹni mẹ́fà ló ń ro ilẹ̀ yìí fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. O mọ iye tí àgbàro ń gbà lóòjọ́? O tiẹ̀ rí wọn? Gbogbo wọn ti ra ọ̀kadà. Àwọn méjì yìí á fín in tán kí oòrùn tó kàn wá látàrí. Ìwọ tó ń ra gàárì n'Íbàdàn, tí mo bá fi ọkọ́ ro gbogbo rẹ̀, ṣé wàá lè rà á?"

Mi ò rí èsì fọ̀ sí i, torí òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé katakata wá, kùkùté kankan ò gbọdọ̀ ṣẹ́kù, kó má baà ba irin rẹ̀ jẹ́. Báyìí ni ìrókò àti afàrá tí bàbá wọn fi sílẹ̀ láàárín oko fún ibòòji ṣe lọ. Apá kan nínú kòkó bàbá wọn náà bá a lọ nítorí ẹ̀gẹ́. Lọ́dún 2024 tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 lọ́jà àgbáyé, ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá débi pé kò fẹ́ ká mẹ́nu bà á.

A wọ abẹ́ kòkó tó ṣẹ́kù. Ibẹ̀ tutù, ewé gbígbẹ tó ti ń jẹrà bo ilẹ̀ títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Bàbá ní òun ń rò ó láti fín oògùn síbẹ̀ náà kó lè mọ́, torí òdòdó ń pọ̀ lára igi ṣùgbọ́n èso rẹ̀ ò tó nǹkan. Mo ní, "Bàbá, ẹ má dán an wò." Mo ṣàlàyé fún wọn pé àwọn kòkòrò kan tí kò tó ẹ̀fọn ló ń gbé àtíkè òdòdó kòkó láti orí igi kan dé òmíràn, inú ewé jíjẹrà àti èèpo kòkó tútù ni wọ́n sì ń yé ẹyin sí. Ẹni tó bá gbá abẹ́ kòkó mọ́ féfé, ilé wọn ló ń wó. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fi igi tú ewé náà wò fúngbà díẹ̀. Ekòló, ọ̀kùn, àti ọmọ ìgbín kan wà níbẹ̀. Èyí nìkan ni ìgbín tí mo rí ní gbogbo oko náà.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, ibẹ̀ ni inú mi ti yọ́. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, àjọ UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dáko níbẹ̀, tàbí kó ṣọdẹ, kó gé igi, kó pẹja. Owó tí mo san tó ohun tí mo rí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó mú mi káàkiri, tí kò kánjú, tó ń dárúkọ igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀bọ sọ̀ kalẹ̀ wá wò wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn ní bisikíìtì. Mo rí àwọn kan tó ń jù ú fún wọn, ó sì bí mi nínú gidigidi.

Ohun tí mi ò gbọ́ rí tẹ́lẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ oko ti fẹ́ẹ̀ ba igbó yìí jẹ́ nígbà kan. Nígbà àwọn òyìnbó amúnisìn, ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn àti igbó gba apá kan ilẹ̀ náà láti fi dán ọ̀gbìn wò, wọ́n gé igi àdáyébá, wọ́n gbin tíìkì. Àwọn ọdẹ ya wọlé. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó ti Austria dé Nàìjíríà ní 1950, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí, pẹ̀lú àwọn àwòrò Ọ̀ṣun, ló dìde sí i. Wọ́n kọ́ ojúbọ, wọ́n mọ ère síbẹ̀, igbó sì ráyè padà.

Ọmọbìnrin náà tún sọ ìtàn tí gbogbo ọmọ Òṣogbo mọ̀: bí Lárooyè àti Tìmẹ́hìn ṣe dé etí odò, tí igi tí wọ́n gé ṣubú sínú omi, tí ohùn kan sì ké jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Àwọn tó tẹ ìlú náà dó kó ilé wọn kúrò létí omi, wọ́n gòkè. Mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, ọjọ́ yẹn ló tó wọ̀ mí lára, torí bí mo ṣe bojú wo odò, ó pupa bí omi amọ̀. Àwọn tó ń wa góòlù lápá Iléṣà ló ń da ẹrẹ̀ sí i láti òkè. Igbó lè ní òfin tirẹ̀ kó sì pa á mọ́, odò tó la àárín rẹ̀ kọjá, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ti ń bọ̀.

Odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ oko Bàbá náà, inú Ọ̀ṣun ló ń ṣàn lọ. Wọ́n ń fín oògùn dé etí rẹ̀ gan-an, títí wọ akùrọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí a jẹ ìgbín ọ̀wọ́n yẹn tán, mo sọ fún Bàbá pé kí wọ́n fi etí odò sílẹ̀. Wọ́n béèrè ẹni tó máa sanwó àgbàro tó máa fi ọkọ́ ro ibẹ̀. Mo ní èmi ni.

"Bó o bá wá gbàgbé ńkọ́?"

"Kí ẹ pè mí, Bàbá."

Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀, mo ní ọgbọ̀n, ìyàwó wọn bá wa parí rẹ̀ sí ogún. Láàárọ̀, kí n tó gbéra, àwọn ọmọkùnrin yẹn ti ń ri èèkàn mọ́lẹ̀. Bàbá ní àwọn máa gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀, ilẹ̀ àwọn ò lè wà lásán. Mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò burú, bí oògùn ò bá ti dé ìdí rẹ̀.