Bí ẹ bá fẹ́ wọ bàálù láti Àkúrẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ kọjú sí

Kìlómítà nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń mọ bí ìrìn àjò bàálù ṣe máa pẹ́ tó. Èmi ni wọ́n máa ń pè nílé wa bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọ bàálù, ohun tí mo sì máa ń sọ fún wọn nìyẹn.

Ẹ wo Àkúrẹ́ sí Èkó. Ní tààrà lókè, kò ju nǹkan bí 230 kìlómítà lọ. Bàálù ńlá tó bá ti gòkè tán lè sá tó 800 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹni tó mọ ìṣirò á ní ìṣẹ́jú 17 ti tó. Ó tì o! Ó máa rìn nílẹ̀ kó tó sáré gbéra, ẹ ò ní tíì gòkè tán tí awakọ̀ á ti máa múra àtiwálẹ̀, bí Èkó bá sì kún, ẹ lè máa yípo lókè títí yóò fi kàn yín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 sórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí bàálù kì í ti Àkúrẹ́ lọ tààrà ni wàhálà wà. Wọ́n gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Adamawa, àgùnbánirọ̀ ni. Ó pè mí: "Àǹtí, wọ́n ní kí n gba Èkó lọ sí Yólà." Èkó kẹ̀? Mo ṣí máàpù lórí fóònù, mo fi ìka na ìlà láti Àkúrẹ́ dé Yólà: bíi 815 kìlómítà. Abuja ò fi bẹ́ẹ̀ yà kúrò lọ́nà náà. Bí ẹ bá gba ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ bíi 860. Bí ẹ bá gba Èkó, ó di bíi 1,280. Ta ló ń lọ sí Ọ̀wọ̀ tó máa kọ́kọ́ gba ọ̀nà Iléṣà?

Àmọ́ ẹ má torí máàpù sọ pé aago ò já mọ́ nǹkan kan. Bí bàálù Yólà bá ti lọ kí tiyín tó balẹ̀ ní Abuja, ẹ ó sùn síbẹ̀, owó òtẹ́ẹ̀lì á sì gbé èrè náà lọ. Bó bá sì jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ rà, èkejì ò ní dúró dè yín torí pé àkọ́kọ́ pẹ́. Èmi máa ń fi wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán, sí àárín méjèèjì.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ tún fi kún un. Kùrukùru máa ń bo ojú ọ̀run láàárọ̀, awakọ̀ tí ò bá ríran dáadáa ò ní gbéra. Síbẹ̀, bàálù àárọ̀ náà ni mo máa ń mú. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú kéékèèké ní Nàìjíríà kì í gba bàálù mọ́ bílẹ̀ bá ti ṣú, nítorí náà bí ti àárọ̀ bá pẹ́, ẹ ṣì lè lọ lọ́sàn-án. Bí ti ìrọ̀lẹ́ bá pẹ́, ó di ọ̀la.