Ẹni tó kọ́kọ́ ṣán igbó: bí a ṣe ń tọpa bàbá ńlá ní Oǹdó

Bí ẹ bá bi àwọn àgbà ilé nípa bàbá ńlá yín, oyè tó jẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ oko rẹ̀ ni kí ẹ bèèrè. Igbó wo ló ṣán? Ta ló bá a pààlà? Ta ló ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un? Ẹnikẹ́ni lè fi oyè kún ìtàn bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá a pààlà kò ní jẹ́ kó fi ebè kan kún ilẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ fi dùn ún kà. Ní kóòtù ìbílẹ̀, olùpẹjọ́ ní láti ka bí ilẹ̀ ṣe ti ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ dé ọwọ́ tirẹ̀, lórúkọ lórúkọ. Ẹ wo inú àpótí ìwé ẹbí ná, kí ẹ tó lọ sí National Archives nínú Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn fáìlì ìjọba àmúnisìn wà lábẹ́ “Ondo Prof” (Ondo Province) àti “Ondo Div” (Ondo Division). Olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́ ló máa ń bu iyọ̀ sí ìtàn níwájú adájọ́. Orúkọ tí àwọn méjèèjì jọ dá ni kí ẹ dì mú.

Ẹ má fi ọ̀nà kan ṣoṣo wá orúkọ. Akọ̀wé tí kì í ṣe ọmọ Oǹdó lè gbọ́ “ugbó” kó kọ “igbó”. Ní ilé ìwé, ọmọ kan á jẹ́ orúkọ bàbá, èkejì á jẹ́ ti bàbá àgbà, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ìwé ìtẹ̀bọmi wúlò, àmọ́ ó ní ibi tó mọ: 1877 ni Charles Phillips ti ìjọ CMS (àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà) dé Oǹdó. Bí ọjọ́ orí àwọn àgbàlagbà inú rẹ̀ bá jẹ́ 30, 40, 50 ṣáá, ẹ mọ̀ pé ojú ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ìṣẹ̀lẹ̀ la fi ń ká ọdún mọ́lẹ̀. Rògbòdìyàn tú Òde Oǹdó ká, àwọn ará ìlú sì wà ní Òkè Ọ̀pá títí Gómìnà Glover ti Èkó fi bá wọn dá sí i ní 1872 tí wọ́n padà sílé. Ẹni tí wọ́n bá ní “ẹ̀yìn ni wọ́n pọ̀n ọ́n sí wọ Òde” á jẹ́ ọmọ nǹkan bíi 1870. Ṣùgbọ́n “wọ́n bí i lásìkò ogun” kò tó. Ogun wo? Ti Kírìjì, 1886 ni wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà rẹ̀; ti Hitler parí ní 1945. Ìran méjì lè sọnù sáàárín ìyẹn.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. “Àbúrò” kò túmọ̀ sí nǹkan kan títí ẹ ó fi bèèrè bóyá ọmọ ìyá ni tàbí ọmọ bàbá. Ẹ to àwọn ìyàwó ní ìdí igi, ìyẹn ẹ̀ka ìyá kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí, kí ẹ fi orúkọ àkọ́bí sí abẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àbẹ̀kẹ́ kò tó orúkọ. Oríkì ni, ìdajì ìlú ló ń jẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá bí àbíkẹ́yìn lẹ́yìn ikú bàbá, ẹ má pa á rẹ́: ẹ bèèrè ẹni tó ṣú ìyá rẹ̀ lópó. Ní Oǹdó pàápàá, ọmọ ń jogún nílé ìyá bó ṣe ń jogún nílé bàbá, nítorí náà ilẹ̀ tí gbogbo ilé ń pè ní ti bàbá lè jẹ́ ti ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà àti ẹrú náà á yọjú. Kọ̀rọ̀ ni kí ẹ ti bèèrè rẹ̀, ẹ má dán an wò nípàdé ẹbí.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sóko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí igbó fà sẹ́yìn. Pèrègún kì í tètè kú. Bí ẹ bá rí i lórí ìlà gbọọrọ láàárín kòkó, ẹnì kan ló gbìn ín fún ààlà. Ẹ mú ọmọ ẹni tó bá yín pààlà dání. Níbi tó bá ti dúró tó ní “ibí ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀”, ẹ jẹ́ kí fóònù gba ojú ibẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ bàbá ńlá tirẹ̀ náà sínú ìwé.