Irin tí mo bá nínú Ìjàpá bàbá mi

Látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú Ìjàpá bàbá mi, mọ́tò Volkswagen Beetle wọn, palẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Arówómọlẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ò yé yọjú. Wọ́n á wo àwọn irin tí mo tò sórí tàpólì, wọ́n á ní kí n dá iye lé e. Mi ò tà. Kò sí èyí tó máa kúrò níbẹ̀ tí mi ò tíì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, torí pé inú àwọn tí a ò mọ̀ yẹn ni mo ti ń rí ohun tí bàbá mi fúnra wọn ò mọ̀ nípa mọ́tò wọn.

Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti rà á, ní nǹkan bí ọdún 1978, nígbà tí wọ́n ń ta aṣọ níbẹ̀ bíi ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ayé ìgbà yẹn. Àlòkù ni, lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni nọ́ńbà ṣasí rẹ̀ wà, lórí irin tó la àárín mọ́tò já. Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ibẹ̀ títí tó fi hàn: 119 ló fi bẹ̀rẹ̀. Láti módẹ́ẹ̀lì 1965 ni Volkswagen ti ń kọ ọ́ báyẹn. 11 ni Ìjàpá, nọ́ńbà kẹta ló ń sọ ọdún. Módẹ́ẹ̀lì 1969 nìyẹn, ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Ọjọ́ l'Ékòó ní 1975.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù, torí ẹni tó bá ní irú mọ́tò yìí máa nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irin Volkswagen ló ní nọ́ńbà lára, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Tàkọ́kọ́ ń sọ irú mọ́tò tí wọ́n ṣe é fún. Ti àárín ń sọ ibi tó ti wá: bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, ẹ́ńjìnì ni, 2, epo, sálẹ́ńsà àti ooru, 3, gíà, 4, iwájú àti sítíárìn, 5, ẹ̀yìn, 6, táyà àti bíréèkì, 7, ibi tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ àti èyí tí à ń fọwọ́ fà, 8, bọ́dì, 9, iná. Irin tí ojú mi ò bá dá mọ̀, nọ́ńbà yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń wá kí n tó bi ẹnikẹ́ni.

Irin pẹlẹbẹ kan wà níwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí ẹni tó jókòó ti awakọ̀ ń na ẹsẹ̀ sí. Kò di nǹkan kan mú, kò sì gbé nǹkan kan. Mo fọ̀ ọ́, mo rí 114. Ó sì yẹ kó jẹ́ 111 tàbí 113, torí pé ọwọ́ òsì ni sítíárìn wa wà. Nínú nọ́ńbà Volkswagen ayé ìgbà yẹn, 112 àti 114 jẹ́ ti mọ́tò tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Mo lọ pe Bàbá mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò ṣe lọ́nà Tákíè, àgbàlagbà tó ti fọwọ́ kan Ìjàpá kó tó di pé wọ́n bí mi. Wọ́n ò wo irin náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n ká kápẹ́ẹ̀tì ọ̀tún kúrò pátápátá.

"Tíṣà, ẹ wo ibí."

Ihò ńlá kan ti wà níbẹ̀ rí, wọ́n jó irin bò ó, wọ́n fi ọ̀dà kùn ún. Lábẹ́ mọ́tò, lára páìpù tó gbé táyà iwájú méjèèjì, àpá ibi tí wọ́n so sítíárìn mọ́ wà lápá ọ̀tún.

"Wọ́n ti gbé e kọjá sí òdìkejì ni. Ọdún tí a yí ọ̀nà ni."

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni wọ́n ń sọ, ọjọ́ tí Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, kí títì wa lè bá ti àwọn tó yí wa ká mu. Bàbá mẹkáníìkì ní àwọn tó lówó ra mọ́tò tuntun, àwọn kan ń wa tiwọn lọ bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì ní kí wẹ́dà gbé sítíárìn kọjá fún àwọn. Ẹni tó ṣe tiwa mọṣẹ́. Bàbá mi wà á títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn ò fura.

Ohun kan ni onítọ̀hún ò fọwọ́ kàn. Bí o bá kọjú sí iná iwájú, wàá rí ọfà kékeré kan lára gíláàsì rẹ̀ tó kọrí sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ. Àmì iná ìlú tó ń wa ọwọ́ òsì nìyẹn. Irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ apá òsì sókè díẹ̀ kí awakọ̀ lè rí etí títì. Lórí títì tiwa lónìí, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló wà lápá òsì. Nígbà tí mo rí ọfà yẹn, mo jókòó sílẹ̀. Bàbá mi máa ń ráhùn pé bí àwọn bá ń ti Jọ́ọ̀sì bọ̀ lóru, àwọn onítírélà á máa ṣẹ́ná sí àwọn láìnídìí. Ìdí wà, wọn ò sì sí láyé mọ́ kí n sọ fún wọn.

Èkejì tí inú mi dùn sí ni àwọn páìpù tó yí sálẹ́ńsà ká. Ọmọṣẹ́ Bàbá mẹkáníìkì ní ká gé wọn dànù, pé ta ló nílò ooru nínú mọ́tò l'Ógbómọ̀ṣọ́? Atẹ́gùn ni fáànù ẹ́ńjìnì ń fẹ́ gba ara páìpù gbígbóná yẹn, á gba inú irin ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lọ sí ìdí ẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú àti sí ojú gíláàsì. Ọ̀pá kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ háńbíréèkì ló ń ṣí i tó sì ń tì í. Mo bi ìyá mi. Wọ́n ní, "Háà, mo rántí! Nínú ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì, bàbá yín á fa nǹkan kan, ẹsẹ̀ mi á sì móoru." A ò gé e.

Lábẹ́ sìlíńdà ọ̀tún, mo bá ohun kan tó dà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ kékeré. Mo sọ ọ́ sínú omi gbígbóná, ó nà. Òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnì bó bá ti gbóná. Bó bá sì bẹ́, ńṣe ló máa nà sílẹ̀, tí ilẹ̀kùn náà á wà ní ṣíṣí. Ẹni tó ronú èyí káre. Rọ́bà tó ti ara sípẹ́à táyà lọ sí ike omi wáípà náà wà níbẹ̀: afẹ́fẹ́ inú táyà ló ń ti omi sójú gíláàsì.

Bọ́dì ń lọ sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Iná iwájú méjì tí kò ní ọfà ni mò ń wá báyìí, pẹ̀lú wáyà tí ọ̀pá ooru ń fà. Irin pẹlẹbẹ 114 yẹn máa padà síbi tí mo ti yọ ọ́, bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní Ìjàpá tí wọ́n ṣe ṣáájú 1972, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì ọ̀tún yín, kí ẹ wo iná iwájú yín, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi.