Ojú ewé tó ṣófo kọ́ ni ìparí lọ́ọ̀gì

Ẹ̀yin àbúrò mi, ọ̀kun o. Lánàá, ọmọ IT kan tó wà lọ́dọ̀ wa ní Kàbbà fi irinṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ hàn mí, èyí tí wọ́n fi ń wo lọ́ọ̀gì sáfà, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tó ń gbé iṣẹ́ wa, láti inú tẹ́míná, ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Mo ka kóòdù rẹ̀ dé ìlà kan, orí mi wú. Àṣìṣe tèmi gan-an ni, àfi bí ẹni pé ó jí i wò.

Mo ní kí n ka ẹ̀kọ́ márùn-ún fún un. Èkíní: ẹ má kọ kọ́kọ́rọ́ AWS yín (AWS ni iṣẹ́ Amazon tí a ti ń yá sáfà lò) sínú kóòdù. Èkejì: mìlísẹ́kọ́ǹdì ni CloudWatch, ibi tí AWS ń kó lọ́ọ̀gì sí, fi ń ka àkókò, ti UTC, aago àgbáyé, sì ni, aago tiwa fi wákàtí kan ṣíwájú. Ẹ̀kẹta ló ká mi lára, ẹ jẹ́ ká fi àwọn yòókù sílẹ̀ ná.

Tí ẹ bá pe FilterLogEvents, àṣẹ tí a fi ń wá lọ́ọ̀gì nínú CloudWatch, kì í kó gbogbo lọ́ọ̀gì wá lẹ́ẹ̀kan. Ojú ewé kan kì í ju mẹ́gábáìtì 1 tàbí lọ́ọ̀gì 10,000 lọ. Tó bá ṣẹ́ kù, á fi nextToken, àmì ibi tó dé, lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ padà wá. Mo mọ ìyẹn. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ojú ewé lè dé lófìfo kí token ṣì wà nínú rẹ̀: ó ti wá apá kan, kò tíì rí nǹkan, ó ní kí ẹ máa bọ̀. Èmi sì kọ ọ́ pé bí ojú ewé bá ti ṣófo, kó sọ pé "Kò sí nǹkan", kó jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó àwọn oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá pè mí láti Èkó. Iná ti lọ, mo jókòó sí bàráńdà, nẹ́tíwọ́kì ń wá, ó ń lọ. Mo wá ERROR nínú lọ́ọ̀gì ọjọ́ mẹ́ta. "Kò sí nǹkan." Mo fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀dọ̀ wa mọ́, kí wọ́n lọ bi báǹkì. Wọ́n bá báǹkì jà mọ́jú. Àárọ̀ ni ẹnìkan ṣí CloudWatch nínú bíráwúsà, ERROR ń tú jáde bí èsúnsún lẹ́yìn òjò.

Ìlà kan péré ni mo yí padà: kó má dúró títí token yóò fi tán. Ọ̀gá ò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ó ní níwájú gbogbo ìpàdé pé ọmọ abúlé ló ń bá àwọn wo lọ́ọ̀gì. Kàbbà, ìlú Ọbaro! Ó ṣì ń dùn mí. Irinṣẹ́ yẹn náà sì ni gbogbo wọn ń lò dòní, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ mi.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, àbúrò yín ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó kúkú ṣiṣẹ́ nígbà tí mo dán an wò."

Tèmi náà ṣiṣẹ́. Lọ́ọ̀gì wákàtí kan ni mo fi dán an wò.