Èèyàn méjìlá, ọjọ́ mẹ́rìnlá

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde.

Mọ́kànlá ni mo bá láàárọ̀ yìí. Lánàá, méjìlá ni wọ́n. Mi ò tíì fọ ẹnu tí mo fi tún un kà. Mọ́kànlá náà ni.

Google Play, ọjà tí fóònù Android ti ń gba géèmù, ló ní kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì aládàáni wá èèyàn 12, ó kéré tán, tí yóò máa dán géèmù rẹ̀ wò fún ọjọ́ 14 láìyẹsẹ̀, kó tó lè tọrọ àyè láti gbé e síta fún gbogbo ayé. (20 ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀, ìparí 2024 ni wọ́n dín in kù.) Mi ò bá wọn jà, ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹsàn-án la wà!

Àǹtí mi ni. Fídíò ìnáwó ti kún fóònù wọn, wọ́n bá pa géèmù mi rẹ́, wọ́n tún lọ tẹ ibi tí wọ́n ń gbà jáde nínú ìdánwò. Mo pè wọ́n. "Ẹṣin tí kò lè gbé mi dé Òkè-Ajé, kí ló ń gbààyè sí nínú fóònù mi?"

Géèmù ẹṣin ni lóòótọ́. Ojúde Ọba, àwọn ìdílé Balógun, ẹni tó bá gun ẹṣin débẹ̀ tí fìlà ò ṣí lórí rẹ̀ ló jẹ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo ti kọ̀wé sí páblíṣà mẹ́tàdínlógún, àwọn tó ń báni gbé géèmù lọ sọ́jà, ẹyọ kan ló fèsì: ẹṣin náà wù wọ́n, èèyàn mélòó ló ti ń retí rẹ̀ lórí Steam, ọjà géèmù orí kọ̀ǹpútà? Kò sí, torí mi ò tíì rí $100 tí Steam ń gbà lórí géèmù kan san, owó tí kì í padà wálé àfi bí ọjà bá tó $1,000. Torí oníbàárà ni mo ṣe ń wá wọn, àwọn náà ní kí n kọ́kọ́ kó oníbàárà wá.

Màámi ń jọ̀ gàrí bí mo ṣe ń ráhùn.

"Alágbàtà lò ń wá nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Owó mọ́tò ńkọ́? Ta ni yóò san án?"

Mo rò ó díẹ̀. Nínú ìwé àdéhùn tí mo ti rí, páblíṣà lè fúnni lówó iṣẹ́, kó náwó ìpolówó, ṣùgbọ́n bí ọjà bá wọlé, Steam á kọ́kọ́ yọ 30%, páblíṣà á kó gbogbo ohun tó ná, kó tó kan ẹni tó ṣe géèmù.

"Àwọn ni yóò san án. Wọn á wá yọ ọ́ nínú tèmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo san án nìyẹn." Wọ́n ń jọ̀ gàrí wọn lọ.

Nírọ̀lẹ́, ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń tún fóònù ṣe gbà láti wọlé. Ìkà ọjọ́ 14 tún bẹ̀rẹ̀ látorí ení. Àwọn mọ́kànlá tó kù, "ó dáa" nìkan ni wọ́n ń sọ látọjọ́ yìí. Òun ò tíì lo wákàtí kan tó fi pè mí pé òun fa ìjánu, ẹṣin ò dúró, ó gbé òun kọjá iwájú Ọba.

Mo ti rí ibi tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dátà mi ku díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gbé e lọ.