Kí Jíìpù Dúró Lókè: Ohun Tí Ojú Wa Rí Létí Odò Ọya

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe jókòó kọ èyí. Etí Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ ibi tí mo lè júwe fún ẹnikẹ́ni. Omi á ti fà sẹ́yìn, iyanrìn á yọ síta, á tẹ́ lọ rẹrẹ, tálákà tolówó á jọ jókòó síbẹ̀ láìsí pé ẹnì kan ń lé ẹnì kan. Àmọ́ pẹ̀lú bí jíìpù ṣe ń sáré lórí iyanrìn yẹn báyìí, bí a kò bá fi ààlà sí ibi tí mọ́tò lè dé, àwa tá a ń fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n máa lé kúrò.

Ìsinmi Àjíǹde la lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní North Carolina ní Amẹ́ríkà ló wálé, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Èmi, òun, àbúrò mi obìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀ la jọ gbéra láti Kàbà. Láti Kàbà dé Ọbàjáná, ọ̀nà kọnkéré ni, ó lé ní 40 kìlómítà, ẹni tó bá mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí tẹ́lẹ̀ á dúpẹ́. Tírélà sìmẹ́ńtì ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Níbi tí ọ̀nà ti dà sí odò, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ti na okùn dí wa. ₦1,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan, tàgbà tọmọdé, ₦3,000 sì ni mọ́tò. A ní mọ́tò tiwa kò ní débi iyanrìn, pé abẹ́ igi máńgòrò tó wà lókè la máa gbé e sí. Wọ́n ní owó mọ́tò ni owó mọ́tò, ìbáà sọ̀kalẹ̀, ìbáà má sọ̀kalẹ̀. Àbúrò mi bá wọn fà á títí kí wọ́n tó gba ₦1,500. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí rìsíìtì. Nígbà tí a sì dé ìsàlẹ̀, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí ibi tí èèyàn lè da ìdọ̀tí sí, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń wẹ̀. Kí ni wọ́n wá ń gbowó fún? Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání o, torí wọn kì í ní ṣéńjì.

Ẹja ló tún inú mi ṣe. Ìyá Ọ̀wọ́rọ̀ kan ń yan àrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ohùn wa báyìí ló kí wa pé, “Òkun o!”, bí àwa náà ṣe ń kíra wa ní Kàbà. La bá di ará ilé. Ó pe ẹja ńlá kan ní ₦9,000, mo san ₦7,000, ẹja náà sì tó owó rẹ̀. Ó là á láyà, ó fi ata tútù, àlùbọ́sà àti iyọ̀ kùn ún, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ lórí ẹyin iná. Awọ rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ rọ̀, ọ̀rá rẹ̀ ń kán sínú iná. Ó tún bù iṣu yíyan tì í láìgba kọ́bọ̀ lé e. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ dé orí. Bí ẹ bá lọ, ọ̀dọ̀ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ná owó yín sí. Omi inú ike tí wọ́n ń tà ní ₦300 nígboro, ₦800 ni àwọn tó ń ta ọtí nítòsí pè é fún wa.

Ọwọ́ wa ṣì wà nínú ẹja nígbà tí jíìpù méjì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú orin tó ń dún kíkankíkan. Wọn kò dúró lókè. Wọ́n já lọ sí etí omi, wọ́n ń sáré, wọ́n ń pòyì, iyanrìn ń fò sínú abọ́ wa. Àwọn ọmọ àbúrò mi wà nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ kòtò ṣeré. Ẹni tó jókòó sínú jíìpù gíga kì í rí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Àbúrò mi figbe ta. Ẹ̀gbọ́n mi ló sáré fa àbíkẹ́yìn lápá, táyà sì gba orí kòtò náà kọjá.

Gbogbo ara mi ń gbọ̀n. Mo tọ awakọ̀ náà lọ. Ó yọ orí jáde, ó ní, “Màdáámù, ibi gbogbo ayé ni, mo sì sanwó kí n tó wọlé.”

Kò tán síbẹ̀. Bàbá apẹja kan ti sá àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbẹ. Jíìpù kejì gùn ún, ó wé e mọ́ táyà, ó fà á ya. Bó ṣe fẹ́ yí padà ló bọ́ síbi tí iyanrìn ti rọ̀ létí omi, ó rì. Bó ṣe ń tẹná mọ́ ọn ló ń rì sí i. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti pátákó, wọ́n ní ₦20,000 làwọn máa gbà. Bàbá apẹja, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya àwọ̀n rẹ̀, ló sọ fún wọn pé kí wọ́n dín afẹ́fẹ́ táyà kù, kó lè fẹ̀ lórí iyanrìn, kó má máa walẹ̀. Wọn kò gbọ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Nígbà tí wọ́n gbọ́, mọ́tò jáde.

Ibi tí gbogbo wa ti ń wò wọ́n yẹn ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Onímọ́tò ní bí a bá lé jíìpù, àlejò Àbújá kò ní wá mọ́, ta ni yóò wá ra ẹja? Ìyá ẹlẹ́ja kò ta ko ìyẹn pátápátá. Ó ní ọ̀kadà ló ń gbé igi ìdáná àti kúlà òun sọ̀kalẹ̀, pé bí wọ́n bá ní kí ohun tó ní táyà má wọlé rárá, orí òun ni yóò máa ru gbogbo rẹ̀, eékún òun kò sì gbà á mọ́. Òótọ́ ni Ìyá sọ, n kò sì fẹ́ òfin tó máa fìyà jẹ ẹ. Ọ̀kadà tó rọra gbé ẹrù wọlé tó sì jáde kì í ṣe ẹgbẹ́ jíìpù tó wá ṣeré ìje.

Ẹ̀gbọ́n mi wá sọ ti Cape Hatteras fún wa, etíkun kan ní ìpínlẹ̀ tó ń gbé, tó gùn ju 100 kìlómítà lọ. Ọdún 1972 ni Ààrẹ Nixon ti pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ yan ibi tí irú mọ́tò báyìí lè gbà àti ibi tí kò lè gbà. Hatteras kò ní òfin tirẹ̀ títí di 2012, lẹ́yìn tí àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Àwọn apẹja ibẹ̀ bínú gan-an, wọ́n ní àtìgbà àwọn bàbá àwọn ni mọ́tò ti ń gba orí iyanrìn, pé arúgbó kò lè rìn dé ibi tí ẹja wà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pín in: apá kan ṣí fún mọ́tò tó bá gba ìwé àṣẹ, apá kan wà fún ẹlẹ́sẹ̀ nìkan láti ọdún dé ọdún, wọ́n sì ń ti àwọn ibòmíì pa ní àsìkò tí ẹyẹ àti ìjàpá òkun ń yé. Ó ní ọmọ ìjàpá tó bá já sínú ipa táyà kì í rọrùn fún láti gòkè dé omi. Ní South Africa ẹ̀wẹ̀, láti òpin 2001 ni ìjọba ti fòfin de fífi mọ́tò ṣeré létíkun.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Daytona ní Florida. Wọ́n ń sanwó wa mọ́tò létíkun níbẹ̀, bí onímọ́tò tiwa ṣe sọ pé òun sanwó. Ní 2010, mọ́tò pa ọmọ méjì létíkun àgbègbè yẹn, ọmọ ọdún mẹ́rin sì ni àwọn méjèèjì. Mo wo àbíkẹ́yìn àbúrò mi tó ń fi ìka họ iyanrìn, n kò lè sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀.

Bàbá apẹja náà sọ̀rọ̀ sí i. Ó ní ẹyẹ kékeré kan wà lórí iyanrìn Odò Ọya tó máa ń bo ẹyin rẹ̀ mọ́ inú iyanrìn lẹ́ẹ̀rùn, tí oòrùn bá mú, á lọ rẹ ikùn sómi, á padà wá jókòó lé e kí ó lè tutù. Èmi tí mo dàgbà sí Kàbà kò gbọ́ ọ rí. Ẹyin tó wà nínú iyanrìn, awakọ̀ wo ló máa rí i?

Ìyàwó onímọ́tò ló sọ̀kalẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀ fún Bàbá, ó sì fún un ní ₦10,000. Inú mi dùn sí obìnrin yẹn. Bàbá gbà á, ó ṣàdúrà fún un, àmọ́ ó sọ fún wa lẹ́yìn pé owó náà kò ní ra àwọ̀n tuntun.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, èmi náà máa fọwọ́ sí i. Ohun tí a fẹ́ kò pọ̀. Kí wọ́n ri igi mọ́lẹ̀ lókè, kí jíìpù má kọjá rẹ̀. Kí wọ́n fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ọ̀kadà àwọn ìyá àti ẹrù apẹja. Kí owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà ní rìsíìtì, kí wọ́n sì yọ owó àwọ̀n Bàbá nínú rẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, odò máa bo iyanrìn yẹn láìpẹ́. Kí omi tó tún fà lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kí igi ààlà náà ti wà nílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tiwa má gba 40 ọdún bíi ti Hatteras.