Ṣé LMC ń yí Milky Way po lóòótọ́? Ibi tí ìṣirò wa dé

Ohun tí à ń wá ni bóyá Large Magellanic Cloud, gálásì kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní LMC, ti yí Milky Way, gálásì tiwa, po rí, àbí ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá nìyí. Awò Hubble ló da ọ̀rọ̀ rú ní 2006, nígbà tó hàn pé eré LMC pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ. Ní 2007, onímọ̀ ìràwọ̀ Besla àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó jọ ìgbà àkọ́kọ́. Ní 2023, onímọ̀ ìràwọ̀ mìíràn, Vasiliev, fi hàn pé ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì.

Nọ́ńbà tí a fi bẹ̀rẹ̀: jíjìnnà rẹ̀ jẹ́ 49.6 kiloparsec (kiloparsec kan jẹ́ nǹkan bíi ọdún ìmọ́lẹ̀ 3,260); eré tó fi ń sá fún wa jẹ́ 262 km/s; ìrìn rẹ̀ lójú ọ̀run, láti ọ̀dọ̀ Gaia, awò òfuurufú tó ń wọn ipò ìràwọ̀, jẹ́ milliarcsecond (ẹyọ igun tó kéré gan-an) 1.85 sí ìlà-oòrùn àti 0.23 sí àríwá lọ́dún. Ẹ so méjèèjì tó gbẹ̀yìn yìí pọ̀ lọ́nà Pythagoras, ẹ fi 4.74 (nọ́ńbà tó ń sọ ọ́ di km/s) àti jíjìnnà sọ ọ́ di púpọ̀, ó di bíi 438 km/s. Ẹ pa eré yìí pọ̀ mọ́ 262 yẹn, ìhà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ yọ ìrìn oòrùn tiwa kúrò, eré LMC sí àárín Milky Way á kù sí nǹkan bíi 321 km/s. Ẹ ṣọ́ra níbí o: cosine ipò LMC lójú ọ̀run (declination rẹ̀, -69.8°) ti wà nínú 1.85 yẹn. Ẹni tó bá tún fi cosine -69.8° sọ ọ́ di púpọ̀ á bá 0.64, gbogbo ohun tó bá ṣe lẹ́yìn náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Kóòdù wa jẹ́ leapfrog (ọ̀nà ìṣirò tó ń tẹ̀lé ìrìn ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀) lórí halo NFW, ìyẹn àwòṣe bí dark matter, ohun àìrí tó ní òòfà, ṣe yí gálásì ká; concentration, ìwọ̀n bó ṣe kó jọ sí àárín, jẹ́ 10; ìṣísẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù ọdún kan, tí à ń dá àkókò padà sẹ́yìn. Bí kiloparsec àti km/s bá jọ wà nínú rẹ̀, ẹyọ àkókò kan jẹ́ mílíọ̀nù ọdún 978.

Ìfàsẹ́yìn dark matter, bó ṣe ń dín eré LMC kù, ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Bí ẹ bá yí eré padà, tí ẹ wá ń ka àkókò síwájú, ìfàsẹ́yìn gbọ́dọ̀ di títì. Bí ẹ bá gbàgbé, LMC á máa rì sí àárín Milky Way, ẹ ó sì rí ìyípo lórí ìyípo tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ kọ́kọ́ pa ìfàsẹ́yìn, kí ẹ wò ó bóyá agbára àpapọ̀ dúró lójú kan.

Èsì, láìtíì fi ìfàsẹ́yìn sí i: bí ìwúwo Milky Way bá jẹ́ ti oòrùn lọ́nà 10¹², eré tó lè bọ́ lọ́wọ́ òòfà rẹ̀ ní 50 kiloparsec jẹ́ nǹkan bíi 352 km/s. LMC kò bọ́, ṣùgbọ́n ó máa jìnnà tó bíi 1,000 kiloparsec, ó jìnnà ju Andromeda, gálásì ńlá aládùúgbò wa, lọ, ìyípo kan á sì gùn ju ọjọ́ orí àgbáyé lọ. Lójú tiwa, ìyẹn kì í ṣe yíyípo. Ní 1.5 × 10¹², ibi tó jìnnà jù di nǹkan bíi 300 kiloparsec, ó sì padà láàárín bílíọ̀nù ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù: ìwúwo LMC fúnra rẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ti Milky Way lọ, nítorí náà Milky Way kò gbọ́dọ̀ dúró gbọin-in mọ́, a ó jẹ́ kí òun náà ṣí kúrò nípò. Lẹ́yìn ìyẹn la ó tún un ṣe fún ìwúwo Milky Way láti 1.0 dé 1.5 × 10¹², ní 0.1, 0.1, pẹ̀lú ìfàsẹ́yìn nínú rẹ̀.